Sítíárìn Mẹ́sàn-án ní Ọ̀ṣogbo Kékeré

Àtìní, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Nọ́ọ̀sì ọsibítù ojú ní kí n wá ìwé kan, kí n máa kọ aago tí mo bá kán oògùn sójú sínú rẹ̀. Mo ra èyí ní Rye Lane, ní London níbí, pọ́ùn kan àti ààbọ̀. Mi ò lè ra odidi ìwé kí n máa kọ aago nìkan sí i. Ohun tí mo bá ṣe ni màá kọ.

Aago méje àárọ̀, mo kán an. Aago méje ìrọ̀lẹ́, mo kán an.

Ojú òsì ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ń ríran bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Dókítà ní ó ti le jù nínú, bíi táyà tí wọ́n fún ní atẹ́gùn àfúnjù. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo bi í pé ṣé màá ríran lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìrètí wà. Èmi tí mo kun mọ́tò lábẹ́ afárá reluwé Peckham fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí oníbàárà bá bi mí pé ṣé ọ̀dà yìí á bá ti tẹ́lẹ̀ mu, mi ò sọ fún un rí pé ìrètí wà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo máa ń sọ.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yẹn, Sátidé, ni ẹgbẹ́ àwa tí à ń ṣe reluwé kékeré máa pàtẹ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brockley. Boaz, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́, ti to ojú irin tiẹ̀, ó ti kọ́ téṣàn. Ọ̀ṣogbo ni, ọdún 1965, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá téṣàn níbẹ̀. Ọkọ̀ méjìlá tó máa dúró níwájú téṣàn, èmi ni mo ní màá ṣe wọ́n. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, òyìnbó mọ́kànlá ń wo ẹnu mi. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ojú fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, títí kan Boaz.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Mo fẹ́ fi ojú yìí rí Ọ̀ṣogbo náà, kó pé, kí wọ́n tó fi abẹ kàn án.

Àlàrùbá, 8

Inú páálí ni ọkọ̀ wọ̀nyí ń wá, ní kélekèle, ẹni tó rà á ló máa tò ó. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ Bedford, ti sójà òyìnbó, àwọ̀ ewé. Mo gé ẹ̀yìn wọn dànù, mo fi igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro kọfí ṣe pákó bọ́lẹ̀kájà sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta kọfí lẹ́bàá téṣàn Peckham Rye ló bu ẹ̀kúnwọ́ fún mi.

"Uncle, ṣé ilé lẹ fẹ́ fi kọ́ ni?"

Mo ní ilé tí mo ti kọ́ tó mi, mọ́tò ni mò ń kàn báyìí.

Pákó iwájú, lókè gíláàsì, ni à ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé. Ara ọkọ̀ ni mo ti mọ ABD. Ọ̀gá mi á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, èmi á fi ọ̀dà tọ ipa rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ni mo kọ "Má Bínú Sí Mi" sí lára kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Lónìí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kọ ọ́ sórí pákó tí kò fẹ̀ ju èékánná mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó jáde síta kí n rí i.

Kíkán méjèèjì pé.

Jímọ̀, 10

Boaz yà nígbà tí mo ti mọ́sálásí dé. Ó mú ẹja wá fún Àsúmáù, ìyàwó mi. Ó gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ sókè, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Alhaji, sítíárìn yìí, òsì lẹ gbé e sí."

"Mo mọ̀. Ọ̀tún ni wọ́n ṣe é sí nínú páálí, ti òyìnbó. Mo yọ ọ́, mo gé dáṣíbọ́ọ̀dù, mo lẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì. Odidi ọjọ́ kan ni ẹyọ kan ń gbà mí."

"Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni ti bàbá mi wà. Apá òsì ni wọ́n máa ń gbé mi jókòó sí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ nígbà tí ẹ kúrò ní Ọ̀ṣogbo?"

"Mọ́kànlá."

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá, nínú ṣòkòtò péńpé. London ti da orí ẹ rú. Èmi tí mo wa mọ́tò ní Nàìjíríà fún ọdún márùn-ún gbáko, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níbi tí sítíárìn wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán, Alhaji. Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò, èmi ni mo ni reluwé."

Ọmọ dáadáa ni Boaz. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa reluwé láti London Bridge, kò sì gbéraga. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò, kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Àtàláátà, 14

Òjò. Kò sí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kán an.

Sátidé, 18

Ọkọ̀ mẹ́rin ti dúró. Eruku ló kù. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà kékeré ní èyí tí wọ́n pè ní ẹrẹ̀, pọ́ùn mẹ́rin ìgò kan, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ìlú òyìnbó ni, ó rí bí omi tíì. Eruku Ọ̀ṣogbo pupa ni. Mo rántí bíríkì tí mo mú nígbà tí wọ́n wó ilé wa àtijọ́ ní North Peckham Estate. Mo fọ́ ìdajì rẹ̀, mo gún un, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kùn ún sí ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà. Ó mú bí ẹni pé wọ́n ti Ìkìrun bọ̀ láàárọ̀.

Àsúmáù wọlé.

"Baba Rahmah, odó ata mi lẹ gún bíríkì nínú rẹ̀?"

"Bíríkì ilé wa ni."

"Ilé wa ò ní kó di ata."

Mo fọ odó náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì ra tuntun.

Àlàmísì, 23

Inú ìwé yìí nìkan ni màá kọ èyí sí. Mo kun Peugeot kan lánàá, búlúù. Lónìí Àsúmáù ní kí ló dé tí mo kùn ún ní dúdú. Mo ní dúdú ni mo fẹ́. Kì í ṣe dúdú ni mo fẹ́.

Èmi Làtíìfù, tí mo máa ń fi ojú lásán mọ búlúù Ford yàtọ̀ sí búlúù Vauxhall kí oníbàárà tó pa iná mọ́tò rẹ̀.

Àláàdì, 26

Wọ́n dá aago padà. Aago mẹ́rin ààbọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wákàtí kan tí mo fi ń ríṣẹ́ ṣe ní ìrọ̀lẹ́, ìjọba ti gbà á.

Sátidé, 1 Oṣù Kọkànlá

Ó di mẹ́sàn-án. Bọ́lẹ̀kájà mẹ́fà, Peugeot, Morris, àti ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà. Mo to wọ́n sórí tábìlì, mo sì fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi bébà tí mo rẹ sínú gúlù ṣe tapólì, mo fi okùn ìránṣọ dè é. Bí ẹ bá fi ọmọ eèrà jẹ awakọ̀, á wa wọ́n lọ. Mẹ́ta ló kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù.

Mo pe Boaz lórí fóònù. Mo ní kó lọ sọ fún àwọn òyìnbó ẹ̀ kí wọ́n ra gíláàsì ojú tuntun kí wọ́n tó wá wò ó. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Alhaji," ó sì ní kí n bá òun kí Àsúmáù. Mo rò pé inú rẹ̀ ló dùn.

Àtàláátà, 4

Aago méje àárọ̀, mo kán an.

Àsúmáù gbé tíì wá fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ọkọ̀ náà dáadáa. Ó ní wọ́n dára, ó ní ara òun wà ní Ọ̀ṣogbo. Lẹ́yìn náà ó ní,

"Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yí ọwọ́ títì padà nìyí, àbí?"

"Ọwọ́ títì wo?"

"Ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní òsì bọ́ sí ọ̀tún. Oyún Rahmah wà nínú mi. Mo fẹ́ sọdá, mo wo ibi tí mo máa ń wò tẹ́lẹ̀, mọ́tò sì ń ti ibi kejì bọ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ìborùn fà mí padà. Ẹ ti gbàgbé ni?"

Mi ò gbàgbé. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń padà wá: ọlọ́pàá tó ń fun fèrè ní ìkóríta, àwọn awakọ̀ tó ń bú ara wọn, ìborùn àwọ̀ ewé náà lọ́wọ́ mi. Ní 1965, ara ọkọ̀ ni mo mọ̀. Èmi ni ọmọṣẹ́ tó ń kun ìta, wọn kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ jókòó sídìí sítíárìn. Ọdún 1973 ni mo kọ́ mọ́tò. Sítíárìn tí mo kọ́kọ́ dì mú ní ayé mi, òsì ló wà.

Mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ ohun tó dára, mo gbé e síbi tí kò dára, mo sì fi ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo gbàgbé láti kán an ní ìrọ̀lẹ́.

Àlàrùbá, 5

Mo pe Rahmah níbi iṣẹ́, mo ní kó bá mi wò ó lórí fóònù rẹ̀, bóyá ìyá rẹ̀ ṣì í.

"Daddy, second of April, nineteen seventy-two. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò ṣẹlẹ̀ nǹkan kan."

Mo wá ronú pé kí n sọ fún Boaz kó yí ọdún tó kọ sára pákó padà sí 1973, kó di pé èmi ni mo tọ̀nà. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fi Ọ̀ṣogbo sílẹ̀ nígbà yẹn. Boaz ti ṣe bàbá náà sórí pátífọ́ọ̀mù, kò ga ju ẹ̀wà kan lọ, aṣọ funfun, fìtílà lọ́wọ́. Mi ò lè fi irọ́ lé bàbá ẹni kúrò ní téṣàn rẹ̀.

Àlàmísì, 6

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Gúlù yìí kì í ṣe èyí tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo fi ẹnu bíléèdì tẹ ìdí sítíárìn, orí ọkọ̀ là sí méjì.

Jímọ̀, 7

Òmíràn tún là. Méjì ti bàjẹ́. Ọ̀kan ti yí, ó sì dára. Mi ò lọ sí mọ́sálásí, mo kírun sílé. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún mi.

Àtìní, 10

Ọsibítù. Wọ́n wọn ojú náà, dókítà wo nọ́ńbà rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó ní oògùn ò ká a mọ́. Wọ́n ti mú iṣẹ́ abẹ wá síwájú, ọjọ́ kejìdínlógún, Àtàláátà tó ń bọ̀. Wọ́n á fi báńdéèjì dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan la tó máa mọ bó ṣe jẹ́.

Mo ní kó jẹ́ kó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bí a ṣe sọ ọ́. Ó ní tí mo bá dúró, ó ṣeé ṣe kó má sí ohun tí àwọn máa ṣe sí i mọ́.

Rahmah tẹ̀lé mi. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti dojú ọ̀rọ̀ kọ mí.

"Daddy, torí tọ́ì?"

"Kì í ṣe tọ́ì."

"Ẹ má bínú. Torí mọ́tò kékeré. Ṣé ẹ fẹ́ fọ́jú torí mọ́tò kékeré?"

"Màá fọ́jú o, mi ò ní fọ́jú o, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ríran lónìí."

Ó yíjú sí fèrèsé. Nígbà tí a dé Queens Road ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ máa rò ti Mummy." Mo tọwọ́ bọ bébà ọsibítù, pé mo gbà fún iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí mo délé.

Nítorí náà, ọjọ́ méje. Sátidé tí wọ́n máa pàtẹ, èmi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ojú dídì.

Àtàláátà, 11

Ọ̀kan là. Ọ̀kan yí.

Àlàrùbá, 12

Sítíárìn kan bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò tóbi ju ẹyọ jéró lọ. Èmi àti Àsúmáù wà lórí orúnkún fún wákàtí kan. Mo sọ fún un pé kó fi mí sílẹ̀, ọjọ́ ń lọ. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń pa orí ọmọ. Òun ló rí i. Ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣe é tán kí ara wa balẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin yìí."

Àlàmísì, 13

Òjò, iná tábìlì sì ti ní òrùka yí ká, òrùka aláràbarà. Mo ń wo sítíárìn, mo ń rí òrùka. Ọwọ́ ni mo fi lẹ ọ̀kan láì rí i. Ó wọ́. Mo tún un ṣe. Ó wọ́. Mo fi orí lé tábìlì. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ dáadáa, mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Jímọ̀, 14

Kò mọ́lẹ̀.

Sátidé, 15

Mẹ́ta ti là, wọn ò ṣeé lò mọ́. Mẹ́rin ti yí, wọ́n tọ̀nà. Méjì ṣì wà ní òsì, ọwọ́ mi ò sì gbé e mọ́. Mẹ́ta tó kù ṣì wà nínú páálí. Mo pe Boaz kó wá. Mi ò mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, n ò tíì sọ irú rẹ̀ rí, n ò sọ ọ́ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, n ò sọ ọ́ fún ọmọ.

Kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí mo fi ní, "Ọ̀tún ni sítíárìn wà. Ìwọ lo tọ̀nà."

Ó jókòó. Ó ní, "Mo mọ̀, Alhaji."

"O mọ̀ báwo?"

"Mo wò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an, nínú bọ́ọ̀sì. Ọdún 1972 ni wọ́n yí i."

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. O ń wò mí tí mò ń ṣìnà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, ẹ ní London ti da orí mi rú. Ṣé mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì ni? Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Mo ní bóyá ẹ máa rántí fúnra yín."

Inú bí mi gan-an. Mo fẹ́ lé e jáde. Lẹ́yìn náà mo rí i pé tó bá tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, yẹ̀yẹ́ kan náà ni ǹ bá tún fi í ṣe. Mo wá sọ ti ojú fún un. Gbogbo rẹ̀. Pé lọ́jọ́ Àtàláátà ni, pé Ọ̀ṣogbo tó ń kọ́ láti ọdún mẹ́rin, mi ò ní rí i ní Brockley, bóyá mi ò ní rí i rárá.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó ní, "Tábìlì yín yìí, báwo ló ṣe gùn tó?"

Àtìní, 17

Àná kò ṣeé kọ, mo ń kun ọ̀dà sí ara ọkọ̀ kẹrin.

Boaz dé ní aago mọ́kànlá àárọ̀ pẹ̀lú mọ́tò akẹ́rù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Pákó mẹ́rin ni Ọ̀ṣogbo. Òun àti awakọ̀ mọ́tò náà, Wándé, gbé e gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi lórí gbogbo àkàsọ̀ kẹta. Àwọn ará ilé òkè dúró ń wò wọ́n. Àsúmáù ti ká kápẹ́ẹ̀tì, ó ti gbé àga lọ sí yàrá. Téṣàn wà lórí tábìlì, ojú irin gba ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó padà. Oòrùn yọ fúnra rẹ̀.

Mo to ọkọ̀ mẹ́rin síwájú téṣàn. Boaz mú méjì tó ṣì wà ní òsì, ó ní,

"Ẹ jẹ́ ká da eruku bo gíláàsì wọn. Kò sí ẹni tó máa rí inú."

"Èmi mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

"Àwọn òyìnbó náà ò mọ Ọ̀ṣogbo, Alhaji."

"Èmi mọ Ọ̀ṣogbo."

Mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó wọn sínú páálí. Méjìlá ni mo ṣèlérí. Mẹ́rin ló dúró níbẹ̀, àyè sì pọ̀ láàárín wọn. Wándé ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi ìyẹn tù mí nínú ni.

Mo jókòó, mo gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì gẹ́lẹ́, kí n lè wò ó bí ẹni tó dúró nílẹ̀. Mi ò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń yí orí díẹ̀díẹ̀: òrùlé páànù. Bàbá Boaz pẹ̀lú fìtílà rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà kan, sítíárìn rẹ̀ ní ọ̀tún. Mo dúró lórí ìyẹn fún ìgbà díẹ̀.

Boaz tẹ bọ́tìnnì. Reluwé jáde láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ń rọra bọ̀, ó gba iwájú téṣàn kọjá, Àsúmáù di apá mi mú. Mo ń ka àwọn kóòṣì tó ń fà lẹ́yìn bó ṣe ń kọjá lójú páìpù tèmi, kóòṣì kan, kóòṣì kan, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Kóòṣì márùn-ún," ni mo wí.

Boaz dá reluwé náà dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mẹ́fà ni, Alhaji."

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó tún un gbé kọjá.